Abure: ta ni àbúrò, ta sì ni ẹ̀gbọ́n?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú orin, kì í sì í ṣe oríkì òrìṣà kankan. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa máa ń pè kí a tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni: abure. "Abure mi, báwo ni?" "Ẹ pe àwọn abure wọlé, oúnjẹ ti délẹ̀." Àwọn tó kọ́ wa nílé òrìṣà sọ fún wa pé hermano ni ìtumọ̀ rẹ̀, pé hermana náà sì ni, ó parí. Bẹ́ẹ̀ la gbà á fún ọdún púpọ̀. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ láàárín wa tó mú kí a tún gbé e yẹ̀ wò. A ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn ti ní kí a sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ wọn.

Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n bí ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé ní agbègbè Beltsville yìí. Ẹni ọdún 58 ni. Òun la máa ń sá tọ̀ bí ohùn ọ̀rọ̀ kan bá dà wá láàmú, nítorí èdè tó bá láyé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta péré rèé tí wọ́n gbé òrìṣà lé e lórí. Ọmọbìnrin kan náà wà láàárín wa, ẹni ọdún 21, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Kúbà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n gbé Ọ̀ṣun lé e lórí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wà nínú òrìṣà.

Àwọn méjèèjì pàdé níbi ìlù kan. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un bí ìlànà ilé ti wí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ju ọdún mẹ́ta lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ jiyàn sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ kàn án léjìká méjèèjì, ó gbé e dìde, ó sì fi ẹ̀rín sọ fún un pé, "Dìde, abure mi."

Ẹni tó bá ń wo ojú ọkùnrin náà nígbà náà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Kò sọ nǹkan kan. Ó jẹun, ó jó, ó bá wọn palẹ̀ mọ́. Ìgbà tí a dé ibi tí a gbé ọkọ̀ sí ló tó lanu. Ó ní, "Àkọ́bí mi ju ọmọ yẹn lọ. Ó wá pè mí ní àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo ayé." Ìdọ̀bálẹ̀ kò dùn ún rárá. Òrìṣà tó wà lórí ọmọ náà ló dọ̀bálẹ̀ fún, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló dùn ún. Nígbà tí ọmọbìnrin náà sì gbọ́, ó sunkún. Hermano ló ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló rò pé òun sọ. Ó kù díẹ̀ kí ọkùnrin náà má wá sí ìpàdé mọ́, kí ọmọbìnrin náà sì má sọ Yorùbá mọ́ níwájú ẹni tó gbọ́ ọ. Ìyẹn ni a fi ìpàdé méjì gbáko wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nínú èdè Yorùbá, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bá hermano mu rẹ́gí. Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá pé ọmọ ìyá rẹ̀ mélòó ni ọkùnrin, yóò kà wọ́n fún yín, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n bí ṣáájú òun àti ẹni tí wọ́n bí tẹ̀lé òun. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí wọ́n bí tẹ̀lé ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ ọkùnrin; àbúrò náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó hàn, ẹ ó fi kún un: àbúrò mi obìnrin, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Èdè Sípéènì ṣe é lódì kejì. Kò sí bí ẹ ṣe lè pe ọmọ ìyá yín ní èdè Sípéènì láìsọ bóyá akọ ni tàbí abo, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ogójì ọdún sọ̀rọ̀ nípa hermano yín kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tó dàgbà jù nínú yín.

Ìyàtọ̀ yìí lókìkí ju bí a ti rò lọ. George Peter Murdock, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí lórí àṣà àti ìbátan, kọ àròkọ kan ní 1968 nípa ọ̀nà tí àwọn èdè ayé ń gbà pe àwọn ọmọ òbí kan náà. Ó pín wọn sí oríṣi méje. Oríṣi tó ń wo ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀lé nìkan, tí kò bìkítà fún akọ tàbí abo, Yorùbá ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Oríṣi tó ń wo akọ àti abo nìkan, Yúróòpù ló fi sọ ọ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ abure jókòó sí agbedeméjì oríṣi méjèèjì: ara rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́ wa sì jẹ́ ti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò yí padà. Ẹnì kan náà ni abure, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Èdè Sípéènì kò rí ìyẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women tó jáde ní 1997, fi àwọn ọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ ṣe ẹ̀rí pé ipò àgbà ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ àti abo. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti rò pé ìgbéraga ìwé ni èyí, kí ó wo ilé òrìṣà tirẹ̀. Òrìṣà orí ẹni ló ń sọ bóyá a ó nà gbalaja sílẹ̀ tàbí a ó yíìká, kì í ṣe bóyá ọkùnrin ni wá tàbí obìnrin.

Ajayi Crowther ní láti mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Wọ́n pín wọn yà. Ní 1843 ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ní 1846 ni ó sì tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó ń kọ ìwé ọ̀rọ̀ náà, àwọn tí yóò pè ní àbúrò kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kúbà láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà kò padà rí tiwọn mọ́ ní tiwọn. Àwọn tó bá ara wọn wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà, carabela ni wọ́n ń pe ara wọn ní Kúbà, wọ́n sì di ìbátan. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni abure ti di orúkọ ẹni tí ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà nílé òrìṣà kan. Lydia Cabrera kó ọ̀rọ̀ Lucumí jọ sínú ìwé Anagó tó jáde ní 1957. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà yóò rí i bí ọ̀rọ̀ ìbátan ti pọ̀ tó nínú ohun tí àwọn àgbà Kúbà kò jẹ́ kó sọnù.

Ẹ padà sórí àbúrò. Àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni pé a rò pé àbúrò jẹ́ ọmọ kékeré. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò ta ni? Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi nìyẹn. Àbúrò bàbá mi lè jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ, tó ní irùngbọ̀n funfun. Síbẹ̀ àbúrò bàbá mi ni títí yóò fi kú. Tèmi kọ́ ni àbúrò náà o, ti bàbá mi ni. Èmi yóò dọ̀bálẹ̀ fún un, n ó sì máa pè é ní bàbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ọmọ àbúrò ìyá mi náà, gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n mi tàbí àbúrò mi, bí ọjọ́ ìbí wa bá ti rí. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo wọn pọ̀ láìyà wọ́n, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ẹ ó sọ. Ní ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí náà lè di ẹ̀gbọ́n yín nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀." Ẹni tó kéré sí yín ni ẹ lè pè ní àbúrò láìjẹ̀bi. Ẹni tó jù yín lọ, ẹ má dán an wò.

Ọ̀kan nínú wa dán an wò, a ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Beltsville níbí, àti ní gbogbo ojú ọ̀nà Route 1 láti College Park títí dé Laurel, ẹni tó ń sọ Sípéènì àti ẹni tó ń sọ Yorùbá lè jọ tò sórí ìlà kan nílé ìtajà. Ó wọ ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ gbígbẹ àti èlùbọ́, ó sì kí i tayọ̀tayọ̀: "Abure mi, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ni àbúrò ẹ?" Nígbà tó yá, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ata rodo díẹ̀ ṣe èènì fún un. Ohun tí ó yàtọ̀ nípa àwa tí à ń gbé níhìn-ín nìyẹn. Ní Havana, kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú ní ilé kejì tí yóò bi àgbà kan léèrè pé ta ni àbúrò rẹ̀. Níhìn-ín, ó wà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kó gba orí òkun lọ ti tún pàdé àwọn tó ni ín, ní Prince George's County.

Ṣé kí a wá sọ pé àwọn àgbà Kúbà ṣìnà? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí a pa abure tì, kí a máa sọ arákùnrin àti arábìnrin. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dára, wọ́n wà nínú lẹ́tà àti nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń gbọ́ wọn jù ni ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Arákùnrin ti di oyè tí wọ́n ń fi síwájú orúkọ ènìyàn. Ẹ̀wẹ̀, wọ́n tún gbé akọ àti abo tí abure ti sọ kalẹ̀ padà lé wa lórí. Bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ka ọjọ́ orí, tí kò sì ka akọ tàbí abo, ọmọ ìyá wà níbẹ̀. Ọmọ ìyá mi: ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ti inú kan náà jáde. Ọ̀rọ̀ náà gbóná ju ọmọ bàbá lọ, nítorí nínú agbo ilé olóbìnrin púpọ̀, àwọn ọmọ bàbá ló máa ń bá ara wọn du ogún. Àwọn tí ìyálóòṣà kan náà bí nínú òrìṣà, kí ni wọ́n tún jẹ́ bí kì í bá ṣe ọmọ ìyá?

Ṣùgbọ́n ohun tó yà wá lẹ́nu jù nínú ìwádìí wa ni pé abure kò ṣìnà rárá. Ìṣirò ọjọ́ ni a kò mọ̀.

Ẹ wo àwọn ìbejì ná. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, gbogbo ilé rí i. Síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, Táíwò ni àbúrò, nítorí Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Nítorí náà, àní láàárín àwọn tí inú kan náà bí ní ọjọ́ kan náà, aago kọ́ ni Yorùbá fi ń mọ àgbà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ wá wo ìyàwó. William Bascom, tí òun náà lọ ṣe ìwádìí ní Kúbà lẹ́yìn tó ti ṣe é ní Ifẹ̀, kọ àròkọ kan ní 1942 nípa bí Yorùbá ṣe ń to ènìyàn ní àgbà àti ọmọdé. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bí sínú agbo ilé, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Ẹni tí wọ́n gbé wọ inú agbo ilé ní ìyàwó, ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n fi ń kà á. Ìyàwó tó wọlé lónìí lè jẹ́ ẹni ọdún 25. Ọmọ ọdún méje tó ti wà nínú ilé kó tó dé ṣáájú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pe ọmọ náà lórúkọ. "Ọkọ mi" ni yóò máa pè é, tàbí kó fún un ní orúkọ mìíràn tó wù ú: Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Akọ̀wé. Láàárín àwọn ìyàwó ilé náà bákan náà ni. Ẹni tí wọ́n gbé wọlé ṣáájú ni ìyáálé, bí ẹni tó tẹ̀lé e bá tilẹ̀ bá ìyá rẹ̀ dọ́gba.

Kí ni à ń pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òrìṣà lé lórí? Iyawó. Ní Kúbà bẹ́ẹ̀ ni, ní Beltsville bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn kan máa ń rò pé Kúbà ló bẹ̀rẹ̀ àṣà pípe ọkùnrin ní ìyàwó. Rárá o. J. Lorand Matory ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ìgbòho, ní agbègbè Ọ̀yọ́, ó sì sọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1994 bí àwọn ọkùnrin tí Ṣàngó ń gùn ṣe ń dirun, tí wọ́n ń wọ aṣọ bí obìnrin, tí wọ́n sì ń jẹ́ ìyàwó Ṣàngó. Bí ẹni tuntun bá jẹ́ ìyàwó, ìṣirò ìyàwó ni yóò tẹ̀lé e wọlé: ọjọ́ tó wọ ilé òrìṣà ni ọjọ́ tí a ó fi kà á. Ọdún tó lò láyé kó tó dé kò sí nínú ìṣirò náà. Nígbà tí àwọn àgbà wa ní Kúbà sọ pé ọdún òrìṣà là ń kà, wọn kò dá òfin tuntun sílẹ̀. Òfin agbo ilé Yorùbá ni wọ́n dì mú, nígbà tí agbo ilé fúnra rẹ̀ ti tú ká.

Ẹ padà sí ibi ìlù náà. Ọmọ ọdún 21 gbé ẹni ọdún 58 dìde, ó pè é ní abure. Hermano ló rò. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni àbúrò, òótọ́ gidi sì ni, láìku ẹyọ kan: ọkùnrin náà wọ ilé òrìṣà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọdún mẹ́tàlá. Ẹni tó gbọ́ èdè jù nínú wa ni ọ̀rọ̀ náà sì ta létí, nítorí ìṣirò kan ṣoṣo ni etí rẹ̀ gbọ́, èyí tí wọ́n fi ń ka ọmọ bíbí inú ilé. Nígbà tí a dé ibi yìí nínú ìpàdé kejì, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ pé ìyá òun àgbà ní Ìbàdàn, títí tó fi kú, ń pe ọkùnrin kan tó kéré sí i ní "ọkọ mi Akọ̀wé", àti pé òun kò bi í léèrè rí ìdí rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kí a fi kún un láti Brazil, nítorí ó dùn mọ́ wa nínú. Nínú Candomblé, ẹni tuntun ń jẹ́ iaô, ìyàwó náà ni. Nígbà tó bá ṣe ètùtù ọdún keje tán, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó di ebômi: ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ará, Brazil ló di ẹ̀gbọ́n mú, Kúbà di àbúrò mú. Bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ Salvador àti ọ̀rọ̀ Havana jókòó tira wọn, ìdílé pé. Àwọn tí wọ́n jọ wọ iyàrá òrìṣà ní ọjọ́ kan náà ní Brazil, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, barco. Síbẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà, ẹni àkọ́kọ́ ń jẹ́ dofono, èkejì dofonitinho, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ. Kò sí ẹni tí kò ní ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Àwa Lucumí náà mọ èyí dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹni tó ṣáájú ni kò sí lẹ́nu wa. Mayor là ń sọ. A rò pé ó tó àkókò kí ẹ̀gbọ́n padà wọlé.

Nípa pípè rẹ̀: àbúrò, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ìró o ló parí rẹ̀, kì í ṣe e. Ẹ̀gbọ́n, ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn òkè, ẹ sì pe gb náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ètè pàdé nígbà tí ẹ̀yìn ahọ́n ń fọwọ́ kan òkè ẹnu. Ẹ ṣọ́ra fún ará, tí à ń lò nínú ará ilé àti ará ọ̀run. Bí ohùn rẹ̀ bá bọ́ sísàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àrá ni, ti Ṣàngó. Bí kò bá lọ sókè ní ìparí, ara ni, èyí tí à ń wẹ̀. Ẹ sì rántí ẹ àti o. Ẹ̀gbọ́n, "ẹ" là ń sọ fún un: "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò, "o": "Jókòó, àbúrò mi." Ibi tí ọ̀ràn ti le díẹ̀ ni ibi tí ìṣirò méjèèjì ti pàdé lórí ènìyàn kan, bíi ti àwọn méjì tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ ilé tí ìyàwó ń pè ní ọkọ mi, bó bá ní ẹ̀kọ́, kì í sọ "o" sí ìyàwó tó dàgbà jù ú lọ. Wọ́n ń kí ara wọn láti ọ̀nà méjèèjì.

Ní ti mọjúbà, àwa kò yí ohunkóhun padà nínú èyí tí ìyá àti bàbá wa nínú òrìṣà fi lé wa lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ́ yín láti pe abure níbi tí ẹ ti ń kí àwọn alààyè ilé, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí a yí padà ni bí a ṣe ń to orúkọ. Tẹ́lẹ̀, bí orúkọ bá ti wá sí wa lọ́kàn la ń kà wọ́n. Ní báyìí, a kọ ọjọ́ tí olúkúlùkù wọ ilé òrìṣà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, a sì ń ka àwọn ẹ̀gbọ́n tán kí a tó dé orí àwọn àbúrò. Ó mú wa mọ ohun tí a kò mọ̀. Obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní ìyá nítorí irun orí rẹ̀ ni àbúrò ìkẹyìn nínú ilé wa. Inú rẹ̀ dùn gan-an nígbà tó gbọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ́ àbúrò ẹnikẹ́ni, pé gbogbo ẹ̀gbọ́n òun ti lọ sí ọ̀run.

Ọkùnrin ará Ìbàdàn náà àti ọmọbìnrin náà ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ilé òrìṣà, "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é báyìí, ó sì ń pè é ketekete, pẹ̀lú gb tó dún bó ṣe yẹ. Ọmọbìnrin náà ní òun kò lè sọ "àbúrò mi" sí i mọ́ nísinsìnyí tí òun ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó pọn dandan kó sọ ọ́, nítorí tí kò bá sọ ọ́, ta ni òun jẹ́ nínú ilé náà? Wọ́n ṣe àdéhùn: abure níwájú òrìṣà, bàbá nígbà tí wọ́n bá jáde síta. Ní ìlù tó tẹ̀lé e, ó dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin náà gbé e dìde, ó sì sọ pé, "Ẹ dìde, àbúrò mi." Pẹ̀lú "ẹ". Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó kọ́ ọ ní ìyẹn.

Fún ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà nílé òrìṣà kan wá, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ ẹnì kan, ẹ pe oyugbona rẹ̀ lórí fóònù, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀.